Gbígbé shortcut ìkànnì sórí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì: ọ̀nà wo lẹ máa yàn?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé báàgì kalẹ̀ ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀ka akáǹtì ni. "Bọ̀dá IT, ibi tí a ti ń san owó-orí ò ṣí mọ́ o." Kí n tó gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ náà ti pè. Wọ́n ti yí àdírẹ́sì ìkànnì yẹn padà ní òpin ọ̀sẹ̀, shortcut, ìyẹn àmì tí a ń tẹ̀ kí ìkànnì lè ṣí, tó wà lójú (Desktop) kọ̀ǹpútà 43 sì ń tọ́ka sí ilé tí onílé ti kó kúrò.

Oṣù méjì ṣáájú ni èmi fúnra mi fi flash gbé wọn síbẹ̀, láti tábìlì dé tábìlì, nínú ọ́fíìsì alájà mẹ́ta kan ní Ring Road, Ìbàdàn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́nà 43 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta, ìyẹn bí iná ò bá lọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa lọ sí báńkì. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti orí dé ìdí.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè tí mo fi ń wọn ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá dábàá fún mi ti yàtọ̀. N kì í béèrè mọ́ pé ṣé ó yá láti gbé e síbẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni pé: lọ́jọ́ tí àdírẹ́sì bá yí, tàbí tí a ò bá fẹ́ ẹ mọ́, báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ kúrò? Orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ìfiwéra tí mo fẹ́ ṣe dúró lé.

Ẹlòmíì lè sọ pé kí òṣìṣẹ́ kúkú máa tẹ àdírẹ́sì fúnra rẹ̀. Kò ní tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ìkànnì ló máa kọ sínú Google, á sì tẹ èyí tó bá kọ́kọ́ jáde. Ìpolówó ló sábà máa ń wà lókè, àwọn gbájúẹ̀ náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń ra ìpolówó. Shortcut tó tọ́ ń ṣọ́ owó iléeṣẹ́ yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ọ̀rọ̀ yìí sí kékeré.

Fáìlì méjì tó jọra, tí ìwà wọn ò jọra

Kí a tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká mọ ẹrù tí à ń gbé. Oríṣi shortcut ìkànnì méjì ló wà lórí Windows, ojú lásán kì í sì í dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ọ̀kan ni fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .url. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀. Ẹ lè fi Notepad ṣí i. Ìlà kìíní ni InternetShortcut nínú àkámọ́ onígun, ìlà kejì ni URL= pẹ̀lú àdírẹ́sì tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ kó ní àwòrán tirẹ̀, ẹ fi ìlà IconFile= àti IconIndex=0 kún un. Ó parí. Bùráúsà tí kọ̀ǹpútà náà bá ti yàn láàyò ló máa fi ṣí ìkànnì: níbi tí wọ́n ti ń lo Chrome, Chrome ni, níbi tí wọ́n ti ń lo Edge, Edge ni.

Èkejì ni .lnk. Eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi Notepad tún ṣe. Ètò kan pàtó ló ń tọ́ka sí, bíi chrome.exe tàbí msedge.exe, tí a wá so àdírẹ́sì mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu bùráúsà tó máa ṣí i. Bí ẹ bá tún fi --app= síwájú àdírẹ́sì, ìkànnì náà á ṣí nínú fèrèsé tirẹ̀, bí ẹni pé ètò kan ni wọ́n fi sórí kọ̀ǹpútà.

Ó dùn ún wò, àmọ́ ohun méjì ló ń kọ mí lóminú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, fèrèsé --app kì í fi àdírẹ́sì hàn lókè. Ẹni tó fẹ́ san owó gbọ́dọ̀ lè gbójú sókè kó rí ibi tó wà. N kì í lò ó fún ìkànnì owó láéláé. Ìkejì, ìgbà tí bùráúsà bá kú, shortcut tí a dè mọ́ ọn á bá a lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 2022 ni Microsoft fẹ̀yìn Internet Explorer 11 tì, nígbà tó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2023, àtúnṣe kan tó bá Edge wọlé pa á lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows 10. Àwọn ọ́fíìsì tó ti so shortcut wọn mọ́ iexplore.exe rí i pé Edge ló ń ṣí, àwọn ìkànnì àtijọ́ kan ò sì jẹ́ níbẹ̀ títí tí wọ́n fi tan IE mode, ìyẹn ọ̀nà tí Edge fi ń ṣe bíi Internet Explorer. Àwọn tó lo .url ò ní ohun kankan láti tún ṣe lójú kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, .url ni mò ń mú. Ìkànnì tó bá ń bá bùráúsà kan jà nìkan ni mò ń ṣe .lnk fún.

Kí n tó kúrò níbí: ẹ da àdírẹ́sì kọ kí ẹ tó wọlé sínú ìkànnì, ẹ má ṣe é lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi páásíwọọ̀dù wọlé, ọ̀pọ̀ ìkànnì máa ń so ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn kan mọ́ àdírẹ́sì, tó jẹ́ ti ẹ̀yin àti ti wákàtí yẹn nìkan. Bí ẹ bá gbé ìyẹn sórí kọ̀ǹpútà gbogbo ènìyàn, yálà kó má ṣí lọ́jọ́ kejì, tàbí kó ṣí sínú àkáǹtì yín. Èyí kejì ló burú jù.

Ojú kọ̀ǹpútà ti gbogbo ènìyàn, tàbí ti ẹnì kan?

Ohun tí ẹ̀ ń rí lójú kọ̀ǹpútà Windows, fódà méjì ló para pọ̀ di í. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó wọlé. Èkejì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, C:\Users\Public\Desktop ni àdúgbò rẹ̀, ohun tó bá sì wà níbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà náà máa rí.

Ti gbogbo ènìyàn ni mo fẹ́ràn. Òṣìṣẹ́ tí kò ní àṣẹ alábòójútó ò lè pa á rẹ́, ì báà ṣèèṣì. Bí ọ́fíìsì yín bá sì ń lo OneDrive tó ń kó ojú kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ lọ sórí ìkùukùu (ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kì í fọwọ́ kan fódà yìí. Fódà ti ẹnì kan ni OneDrive máa ń kó, ibẹ̀ ni shortcut ti ń di méjì, mẹ́ta, nígbà tí ẹnì kan náà bá ń lo kọ̀ǹpútà méjì, tí ẹ̀ ń gbé e sórí méjèèjì.

Ibi tí ti ẹnì kan ti dára jù ni ibi tí kọ̀ǹpútà kan ti jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ẹni tó ń gbàlejò ní iwájú ọ́fíìsì ò nílò ìkànnì owó oṣù lójú kọ̀ǹpútà tí akáǹtáǹtì yá lò lánàá.

Fódà kẹta kan wà tí àwọn kan máa ń dábàá, C:\Users\Default\Desktop. Ẹni tí kò tíì wọlé sórí kọ̀ǹpútà náà rí nìkan ló máa rí ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní rí nǹkan kan.

Flash láti tábìlì dé tábìlì

Fún kọ̀ǹpútà mẹ́ta, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ àṣetúnṣe ni. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Ìbàdàn máa ń fi í fún àwọn ọmọ SIWES tó wá láti Poly tàbí UI, àwọn ọmọ yẹn á sì ṣe é dáadáa. Ìgbà tí àdírẹ́sì bá wá yí, SIWES wọn ti parí, kò sì sẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n dé àti èyí tí wọn ò dé.

Ẹ má gbàgbé flash náà fúnra rẹ̀. Ta ló ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílùú yìí tí kò mọ kòkòrò tó ń sọ gbogbo fódà inú flash di shortcut? Fáìlì .lnk ni ó fi ń bojú. Ní 2010, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Stuxnet lo àlèébù kan nínú bí Windows ṣe ń fi àwòrán .lnk hàn: kí èèyàn kàn ṣí fódà wò ti tó kí kòkòrò náà wọlé. Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò yẹn ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ṣùgbọ́n flash tó ń ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn ṣì ni ọkọ̀ tí kòkòrò fẹ́ràn jù láti wọ̀.

Script tó ń dà wọ́n kọ

Script ni àṣẹ tí a kọ sínú fáìlì kí kọ̀ǹpútà máa ṣe é fúnra rẹ̀. Tiwa yìí, ìlà kan ṣoṣo ni, ẹ̀ẹ́ sì ní kó máa ṣiṣẹ́ nígbàkigbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn:

`copy /y \\SAFA1\Shortcut\*.url "%PUBLIC%\Desktop\"`

Orúkọ SAFA1 jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ fi ti sáfà yín sí i, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pèsè fáìlì fún àwọn yòókù. Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn ni mo sọ, kì í ṣe ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wọlé. Script ìwọlé ń lo àṣẹ òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ò sì lè kọ nǹkan sí fódà gbogbo ènìyàn. Script ìtanná ń lo àṣẹ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ fún àwọn kọ̀ǹpútà, ìyẹn ẹgbẹ́ tí Windows ń pè ní Domain Computers, láṣẹ láti ka fódà tó wà lórí sáfà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fún òṣìṣẹ́ láṣẹ, wọ́n gbàgbé kọ̀ǹpútà, wọ́n wá ń bi ara wọn pé kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́.

Ohun tó dára nínú ọ̀nà yìí ni pé tí àdírẹ́sì bá yí, ẹ tún fáìlì kan ṣe lórí sáfà, gbogbo wọn á gba tuntun lọ́jọ́ kejì. Ti yíyọ ni wàhálà wà. Script tó ń dà nǹkan kọ kì í yọ nǹkan. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìlà del (àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́) kún un fún ohun tí ẹ fẹ́ yọ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí kọ̀ǹpútà ẹni tó wà ní ìsinmi.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹ lo robocopy pẹ̀lú /MIR, tó ń sọ fódà kan di ọ̀kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò lórí Public Desktop. Mo ti ṣe é rí. Ó mú shortcut tí mo fẹ́ yọ kúrò lóòótọ́, ó sì mú ti Chrome, ti ètò ìṣirò owó àti ohun gbogbo tí kò sí lórí sáfà lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá. Bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ shortcut jẹ́ "Owó Oṣù" tàbí "Ìforúkọsílẹ̀", tí àmì orí rẹ̀ pé, ẹ má kọ orúkọ náà sínú fáìlì .bat (script tí cmd, ibi àṣẹ Windows, ń kà) láìfi ìlà chcp 65001 ṣáájú, èyí tó ń sọ fún cmd pé UTF-8, ọ̀nà ìkọlẹ́tà tó mọ àwọn àmì wa, ni kó fi kà á. Láìsí i, cmd á ka àwọn lẹ́tà bíi ṣ, ẹ àti ọ sódì, fáìlì á sì jáde pẹ̀lú orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Windows PowerShell 5.1, ibi àṣẹ mìíràn nínú Windows, náà ní tirẹ̀: bí ẹ bá fi UTF-8 tó wà láìsí BOM (àmì ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì tó ń fi irú ìkọlẹ́tà hàn) tọ́jú script, yóò kà á bí ANSI, ọ̀nà ìkọlẹ́tà àtijọ́ Windows. Ọgbọ́n tí mò ń dá ni pé mò ń sọ fáìlì lórúkọ tó tọ́ lórí sáfà, mo sì ń jẹ́ kí script lo *.url bíi tòkè yìí, kó má baà mẹ́nu kan orúkọ rárá. Fáìlì àwòrán ní tirẹ̀ kò nílò àmì. Ẹ pè é ní owo.ico, kó lọ.

Mo rí i pé ó yẹ ká jà fún èyí. Àǹtí kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀ sọ fún mi pé láti ìgbà tí orúkọ ti di Yorùbá lòun ti yéé pè mí láti bi mí èwo ni èwo.

Group Policy Preferences

Bí ọ́fíìsì yín bá ní Active Directory, ìyẹn ètò tí sáfà fi ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà àti òṣìṣẹ́ bí ẹgbẹ́ kan (dómáìnì), ibí yìí ni kí ẹ jókòó sí. Group Policy Preferences, ìyẹn ìlànà tí sáfà ń gbé kalẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà, bá Windows Server 2008 dé, kò sì gba owó mìíràn. Ẹ ṣí Group Policy Management, ẹ wọ Preferences, Windows Settings, kí ẹ tẹ Shortcuts. Ẹ yan URL gẹ́gẹ́ bí oríṣi, ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, ẹ yan ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́, ti ẹnì kan tàbí ti gbogbo ènìyàn. Orúkọ Yorùbá kò dà á láàmú rárá.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan wà lókè ojú ìwé yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Àwọn gan-an ló sì máa dáhùn ìbéèrè mi nípa ọjọ́ tí àdírẹ́sì bá yí.

Create máa ń dá shortcut sílẹ̀ bí kò bá sí níbẹ̀. Bó bá ti wà níbẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí: ẹ yí àdírẹ́sì padà lórí sáfà, ẹ dúró, ẹ dúró, kò sí kọ̀ǹpútà kan tó yí. Ẹni tó bá fi Create sílẹ̀ ti padà sídìí flash láìmọ̀.

Update máa ń dá a sílẹ̀ bí kò bá sí, bó bá sì wà, á tún ohun tó yàtọ̀ ṣe. Èyí ni mò ń lò fún ohun tó pọ̀ jù.

Replace máa ń pa á rẹ́, á sì tún un dá, nígbà gbogbo tí ìlànà bá tún ara rẹ̀ kà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwòrán á máa ṣẹ́jú, ó sì lè kúrò ní àyè tí òṣìṣẹ́ gbé e sí. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹ ò ní lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: bí ẹ bá mú àpótí tó sọ pé kó yọ nǹkan náà nígbà tí kò bá kan ẹni náà mọ́, Windows fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ di Replace. Mo ń fara mọ́ àwòrán tó ń ṣẹ́jú yẹn fún ìkànnì owó. Ẹni tó kúrò ní akáǹtì lọ sí ẹ̀ka mìíràn, shortcut owó á kúrò lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni rántí.

Delete ò nílò àlàyé, àfi ohun kan. Orúkọ ni Group Policy fi ń dá shortcut mọ̀. Bí ẹ bá yí orúkọ láti "Owo Ori" sí "Owó Orí", kò ní mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Tuntun á dé, ti àtijọ́ á sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì tó ti kú. Kí ẹ tó yí orúkọ, ẹ kọ Delete fún ti àtijọ́.

Ìyàn ẹni tó máa gbà á ni mo fẹ́ràn jù níbí. Item-level targeting ló ń jẹ́. Ẹ lè sọ pé ẹgbẹ́ akáǹtì nìkan, tàbí àwọn kọ̀ǹpútà tó wà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ka Ìwó Road nìkan. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnì kan sínú ẹgbẹ́, ẹ ní kó jáde kó tún wọlé, torí ìgbà ìwọlé ni Windows ń ka ẹgbẹ́ tí èèyàn wà.

Ní ti àkókò, kọ̀ǹpútà máa ń tún ìlànà kà ní ìṣẹ́jú 90, pẹ̀lú àfikún tó lè tó 30. Èyí bá ìlú wa mu gan-an. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ gbé kọ̀ǹpútà ṣáájú sáfà, ohun tí wọn ò rí kà láàárọ̀ ni wọ́n á kà lẹ́yìn náà. Script ìtanná ò ní irú àǹfààní yìí. Bó bá ti kọjá, ó di ìgbà mìíràn tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń kánjú lè tẹ gpupdate /force. Bí nǹkan ò bá sì dé, gpresult /r á sọ fún yín bóyá ìlànà náà kan kọ̀ǹpútà yẹn rárá.

Níbi tí wọ́n ti darí ojú kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ lọ sórí sáfà, ẹ mú àpótí tó ní kó lo àṣẹ ẹni tó wọlé. Láìṣe bẹ́ẹ̀, àṣẹ kọ̀ǹpútà ni yóò lò, ó sì lè má ráyè wọ fódà òṣìṣẹ́.

Intune

Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá ń gbé láptọ́ọ̀pù kiri, lónìí Bódìjà, lọ́la Ìlọrin, tí wọn kì í sábà fojú kan sáfà, Group Policy ò ní bá wọn. Intune, ètò Microsoft fún dídarí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wà nínú Microsoft 365 Business Premium, èyí tó wà fún iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò ju 300 lọ. Orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń san án lé, nítorí náà ẹ má rà á torí shortcut nìkan.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lè fi script PowerShell ránṣẹ́. Bó bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní tún ṣiṣẹ́ mọ́ àfi tí ẹ bá yí script náà. Òṣìṣẹ́ tó bá pa shortcut rẹ́ lónìí ti pa á rẹ́ nìyẹn. Ẹ sì lè dì í bí Win32 app, ìyẹn bí ètò Windows, tó ní àṣẹ fífi sí i, àṣẹ yíyọ ọ́, àti ìlànà tí Intune fi ń mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀. Èyí kejì ni kí ẹ mú, torí pé ẹ lè yan Uninstall fún ẹgbẹ́ kan kó sì kúrò. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìlànà ìdánimọ̀. Bí ẹ bá ní kó kàn wò ó bóyá fáìlì náà wà, lọ́jọ́ tí àdírẹ́sì bá yí, Intune á rí fáìlì tó ní orúkọ kan náà, á ní "ó wà," á sì kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí ìdánimọ̀ ka àdírẹ́sì inú fáìlì, tàbí nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ kọ sínú registry, ìwé àkọsílẹ̀ ètò inú Windows. Kì í yẹ̀ wọ́n wò lójú ẹsẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi yanjú ìpè àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ọ̀sán tó pọ́n.

Láti inú bùráúsà

Chrome ní ìlànà tó ń jẹ́ ManagedBookmarks, Edge pe tirẹ̀ ní ManagedFavorites. Fódà kan á jáde nínú bùráúsà, ìkànnì ọ́fíìsì á wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ò sì lè yọ ọ́. Ẹ yí i lókè, ó yí nísàlẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lókè, ó lọ. Bí a bá fi ìbéèrè mi nìkan díwọ̀n, òun ló borí gbogbo wọn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ àgbà ọ́fíìsì ń wò. Àwọn bùráúsà méjèèjì tún ní WebAppInstallForceList, tó lè gbé àmì sójú kọ̀ǹpútà bí ẹ bá tan create_desktop_shortcut, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó ṣí nínú fèrèsé tirẹ̀, fèrèsé aláìnádírẹ́sì tí mo ti sọ lókè ni yóò fi ṣí i.

| Ọ̀nà | Ohun tó ń béèrè | Bí àdírẹ́sì bá yí | Láti yọ ọ́ |
|---|---|---|---|
| Flash | ẹsẹ̀ yín | ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe | ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe |
| Script ìtanná | sáfà, dómáìnì | fáìlì kan, ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn | ẹ kọ ìlà del |
| Group Policy | dómáìnì, Windows Pro sókè | Update, láàárín wákàtí méjì | Delete, tàbí kó yọ fúnra rẹ̀ |
| Intune | owó oríorí, íntánẹ́ẹ̀tì | ẹ̀dà tuntun, bí ìdánimọ̀ bá gbọ́n | Uninstall |
| Bùráúsà | ìlànà Chrome tàbí Edge | ó yí fúnra rẹ̀ | ó lọ fúnra rẹ̀ |

Tí ọ́fíìsì yín ò bá ní sáfà ńkọ́?

Irú ìwọ̀nyí ló pọ̀ jù tí wọ́n ń pè mí sí: kọ̀ǹpútà mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdajì wọn láptọ́ọ̀pù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rà lọ́jà, Windows Home ló wà nínú rẹ̀. Windows Home ò lè wọ dómáìnì. Bí ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun fún ọ́fíìsì, ẹ bi olùtajà pé ṣé Pro ni, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tún rántí pé àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025.

Fún irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, Chrome Enterprise Core ni mò ń kọ́kọ́ dárúkọ. Kò béèrè owó, kò béèrè dómáìnì. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ìforúkọsílẹ̀ kan sínú Chrome kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ ó máa darí ìkànnì inú bùráúsà wọn láti ojú ìwé kan.

Bí wọ́n bá ta kú pé ojú kọ̀ǹpútà làwọn fẹ́, ohun tí mo ṣe fún ọ́fíìsì kan ní Òkè-Àdó nìyí. Flash náà ni mo lò, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n mi ò kọ àdírẹ́sì ìkànnì owó-orí, ti báńkì tàbí ti owó ìfẹ̀yìntì sínú shortcut kankan. Iléeṣẹ́ náà ní ìkànnì tirẹ̀, mo bá ṣí ojú ọ̀nà kéékèèké síbẹ̀, ọ̀kan fún owó-orí, ọ̀kan fún báńkì, ọ̀kan fún ìfẹ̀yìntì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń darí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ sí ibi tó tọ́. Shortcut ń tọ́ka sí ojú ọ̀nà wa, ojú ọ̀nà wa ló ń tọ́ka sí ìta. Ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì yẹn yí àdírẹ́sì, mo jókòó sílé, mo tún ìlà kan ṣe, kọ̀ǹpútà 11 sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ní Group Policy pàápàá.

Ẹni tó bá ní páásíwọọ̀dù ìkànnì iléeṣẹ́ yẹn ló ní agbára láti darí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ síbi tó bá wù ú. Nítorí náà, ènìyàn méjì péré ló mọ̀ ọ́n ní Òkè-Àdó, ìjẹ́rìísí orí fóònù sì wà lórí rẹ̀. Mo tún kọ́ àwọn akáǹtáǹtì pé kí wọ́n máa ka àdírẹ́sì tó wà lókè kí wọ́n tó tẹ páásíwọọ̀dù tiwọn, mo sì lẹ àdírẹ́sì tó tọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn, lẹ́tà gàdàgbà.